Ìgò Mọ́kànlá Tí Ebi Kò Pa

Ìgò mọ́kànlá dúró lórí tábìlì, wọ́n tutù yọ̀yọ̀, wọ́n sanra, wọ́n ń dán. Ẹni tó ń tọ́jú wọn ti kú láàárọ̀ àná, níwájú wọn níbẹ̀, àfọ́kù ìgò kejìlá ló sì gé e lọ́rùn. Màmá Kí-Ló-Kù dúró sẹ́nu ọ̀nà, ó fi ọwọ́ kan di orúnkún rẹ̀ tó máa ń dùn ún tí òjò bá ti ṣú, ó ń wo àwọn ìgò náà bí ẹni tó ń wo àlejò tó ń rẹ́rìn-ín nílé òkú.

Sájẹ́ǹtì tó tẹ̀ lé e ti bẹ̀rẹ̀ sí í sín. Ó sín lẹ́ẹ̀mẹta, ó nu imú, ó ní ibi ẹ̀jẹ̀ nìyẹn, ibi tí àga ṣubú sí nìyẹn, pé ọ̀rọ̀ ti parí, ojú ayé làwọn wá ṣe. Màmá ti ń ṣe iṣẹ́ ọ̀tẹ̀lẹ̀múyẹ́ láti ọdún mọ́kànlélọ́gbọ̀n, orúkọ àbísọ rẹ̀ sì ti sọnù sínú fáìlì kan tí ẹnikẹ́ni kò wá mọ́. Kí-Ló-Kù ni gbogbo tẹ́ṣàn ń pè é, nítorí tí ẹnì kan bá ti rò tẹnu rẹ̀ tán níwájú rẹ̀, tó nu òógùn, tó rò pé òun ti bọ́, á fojú àánú wò ó, á ní, "Kí ló kù?" Èyí tó bá kù yẹn gan-an ló máa ń gbé olúwarẹ̀ dé ẹ̀wọ̀n.

Bí wọ́n ṣe sọ ọ́ ní tẹ́ṣàn, ẹjọ́ náà kò le rárá. Ilé ìwádìí kékeré ni ilé yìí, yàrá mẹ́rin péré. Ọ̀jọ̀gbọ́n tó ni ín ti fi ogún ọdún tọ́ ewé wínníwínní kan, irú èyí tó máa ń sọ omi adágún di àwọ̀ ewé, tí ojú lásán kò sì lè rí ẹyọ kan rẹ̀. Ó ní òun á mú kí ewé yìí máa tú háídírójìn jáde, afẹ́fẹ́ tó ń jó bí epo, tí kì í rùn, tí kì í ní èéfín. Láàárọ̀ àná, afẹ́fẹ́ náà gbiná, ó bú gbàmù, ó pa á. Yàrá tó kàn án ni Ìyá Onígò ti ń fọ ìgò. Wọ́n bá sítóòfù níbẹ̀ tó ń jó, bẹ́ẹ̀ wọ́n ti fi lẹ́tà gàdàgbà kọ ọ́ sára ògiri pé Ẹ MÁ DÁNÁ. Wọ́n bá ìṣáná lápò épúrọ́ọ̀nù rẹ̀. Òun àti Ọ̀jọ̀gbọ́n sì ti fa ọ̀rọ̀ ní ìrọ̀lẹ́ ijẹta. Kí ni ọlọ́pàá tún ń wá? Ọ̀gá tẹ́ṣàn ti fi ọwọ́ sí ìwé ẹ̀sùn. Aago méjìlá ọ̀sán òní ni wọ́n máa gbé obìnrin náà dé iwájú adájọ́, tó bá sì ti dé ọ̀hún, inú ẹ̀wọ̀n ni á ti máa dúró de ìgbẹ́jọ́. Àwọn kan ti dúró bẹ́ẹ̀ fún ọdún mẹ́ta. Ọmọ rẹ̀ obìnrin ti jókòó sórí bẹ́ǹṣì tẹ́ṣàn láti ìdájí, ó di aṣọ ìyá rẹ̀ sínú ọ̀rá, ó gbé e lé orí itan.

Aago mẹ́sàn-án ló ṣẹ̀ṣẹ̀ lù.

Wọ́n lẹ àwòrán mẹ́ta mọ́ ògiri lẹ́gbẹ̀ẹ́ tábìlì, olóògbé sì fi ọwọ́ ara rẹ̀ kọ iye ọjọ́ tí ebi ti ń pa ewé náà sábẹ́ wọn. Ọjọ́ kìn-ín-ní, ìgò náà dúdú fún àwọ̀ ewé. Ọjọ́ kẹta, àwọ̀ náà ti ń ṣá. Ọjọ́ karùn-ún, ó ti pọ́n bí ìyeyè. Màmá tẹ̀ sún mọ́ ìgò tó wà níwájú, ó ka ìwé pélébé ara rẹ̀. Ọjọ́ kẹfà. Ó wo ìgò, ó tún wo àwòrán.

"Sájẹ́ǹtì, tí wọ́n bá sọ fún ẹ pé ẹnì kan ti gbààwẹ̀ ọjọ́ mẹ́fà, tí o wá bá a tí ẹ̀rẹ̀kẹ́ rẹ̀ kún, tí ikùn rẹ̀ yọ síta, kí lo máa rò?"

Sájẹ́ǹtì ní òun á rò pé kọ́kọ́rọ́ ilé ìdáná wà lọ́wọ́ ẹni náà.

"Èmi náà rò bẹ́ẹ̀."

Ó gbé ojú sókè. Lókè lọ́hùn-ún, nítòsí àjà, àpótí aago kékeré kan wà tó máa ń tan àwọn gílóòbù yàrá náà fúnra rẹ̀. Ibẹ̀ ni ọ̀dà ògiri ti jó jù, ó dúdú bí ìdí ìkòkò. Aago ògiri tó wà lábẹ́ rẹ̀ ti kú sórí aago méje gan-an. Ó wá wo ilẹ̀kùn yàrá ìfọgò. Ó wà ní títì, ọ̀dà ara rẹ̀ kò bó, gíláàsì rẹ̀ kò sán. Màmá ní kí Sájẹ́ǹtì ka ohun tí wọ́n bá lápò òkú. Ó kà á: áńkáṣífù kan, kọ́kọ́rọ́ kékeré kan, sípánà kan. Màmá ní kó tún un kà. Ó tún un kà, ó sín, ó ní ṣé Màmá fẹ́ kí òun fi orin sí i ni.

"Ọ̀jọ̀gbọ́n," ni Màmá wí, bí ẹni ń bá ara rẹ̀ sọ̀rọ̀. "Kí ni Ọ̀jọ̀gbọ́n ń fi sípánà ṣe láàárọ̀ kùtùkùtù?"

*

Igbákejì Ọ̀jọ̀gbọ́n gbà wọ́n sí ọ́fíìsì. Ọkùnrin tẹ́ẹ́rẹ́ ni, ó to báírò mẹ́rin sí àpò àyà bí ẹni tó fẹ́ lọ kọ ìdánwò mẹ́rin lẹ́ẹ̀kan náà. Ojú rẹ̀ pọ́n. Ó ti sunkún, kò sì fi bò. Ọdún mọ́kànlá ló ti wà lọ́dọ̀ olóògbé, ó bá a gẹ́gẹ́ bí ọmọ iléèwé, ó di ọmọ rẹ̀.

Màmá ní kó ṣàlàyé iṣẹ́ náà fún òun bí ẹni ń ṣàlàyé fún ìyá rẹ̀ àgbà. Ọkùnrin náà ṣe é, ó sì ṣe é dáadáa. Ó ní wọ́n á kọ́kọ́ bọ́ ewé náà yó, kó lè pọ̀ sí i. Lẹ́yìn náà wọ́n á fi ẹ̀rọ kan tó ń yí bí òòyì yà á kúrò lára omi rẹ̀, wọ́n á fi omi mímọ́ ṣàn án lẹ́ẹ̀mẹta, wọ́n á wá dì í sínú ìgò tuntun pẹ̀lú gbogbo oúnjẹ rẹ̀ àfi ẹyọ kan: imí-ọjọ́. Wọ́n á dí ìgò pa, wọ́n á tanná sí i. Tí ebi imí-ọjọ́ yìí bá ti ń pa ewé, kò ní lè máa tú ọ́síjìn jáde bó ṣe yẹ mọ́, èyí tó wà nínú ìgò á sì tán. Á wá máa joró lọ díẹ̀díẹ̀, á máa pọ́n. Inú ìjoró yẹn ló ti máa ń tú háídírójìn jáde, fún ọjọ́ mẹ́ta, ó pọ̀ tán mẹ́rin.

"Tó bá wá yó ńkọ́?" ni Màmá bi í.

"Tó bá yó, Màmá, ọ́síjìn lásán ló máa tú síta bíi igi ẹ̀yìnkùlé. Ẹ ò ní í rí háídírójìn kankan gbà lọ́wọ́ ẹ̀."

Màmá tún bèèrè bí afẹ́fẹ́ ìgò kan ṣe máa ń pọ̀ tó. Igbákejì ní tí wọ́n bá kó ti ìgò méjèèjìlá pọ̀, tí iṣẹ́ sì lọ déédéé, bóyá ló máa kún inú bọ́ọ̀lù àfẹsẹ̀gbá kan. Bó ṣe sọ ọ́ tán, ó nawọ́ mú omi inú ike tó wà níwájú rẹ̀, ó mu ún dé ìdajì. Màmá ń wò ó. Bọ́ọ̀lù kan kò lè fọ́ ìgò pa ènìyàn, kó tún wá kun àjà ní dúdú.

Sájẹ́ǹtì ti rí kẹ́tùlù ní kọ̀rọ̀. Ó se tíì, ó ní kí àwọn fi tu ara àwọn nínú, ó gbé ife kan fún ọ̀gá rẹ̀. Màmá gbé e dé ẹnu, ó gbé e sọ̀ kalẹ̀. Ó ń rùn bí ẹyin tó kú sábẹ́ adìyẹ. Igbákejì ní kí wọ́n má bínú, pé omi kànga ẹ̀yìnkùlé nìyẹn, kò sí ẹni tó ń mu ún nínú àwọn òṣìṣẹ́ ibẹ̀, omi inú ike làwọn máa ń rà. Sájẹ́ǹtì tó ti gbé ife tirẹ̀ mì bá ẹ̀yìn ọ́fíìsì lọ.

Ní ti ìjà ìrọ̀lẹ́ ijẹta, Igbákejì ní etí òun ló gbọ́ ọ láti ọ̀dẹ̀dẹ̀. Ọ̀jọ̀gbọ́n kì í pariwo, ṣùgbọ́n ó pariwo lọ́jọ́ yẹn. Ó ní, "Ẹ má fi mí ṣẹ̀sín, Ìyá Onígò. Ẹ gbé e kúrò níwájú mi." Obìnrin náà jáde, ó ń sunkún. Ọjọ́ kejì rẹ̀ sì ni àwọn àlejò pàtàkì fẹ́ wá wo afẹ́fẹ́ náà bó ṣe ń jáde, gbogbo ilé ló ń gbóná.

"Ó dáa," ni Màmá wí. "Kí ló kù?"

Ó ní kò sí ohun tó kù.

Màmá dìde, ó di orúnkún mú, ó ní ọ̀dà kan wà ní èjìká ẹ̀wù rẹ̀ o, pupa. Igbákejì bojú wo èjìká ara rẹ̀, ó ní á jẹ́ pé ara ilẹ̀kùn kan lòun ti fara nù ún. Màmá dúpẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀. Bí wọ́n ṣe ń jáde, ó ń ka ilẹ̀kùn. Ilẹ̀kùn mẹ́fà. Àwọ̀ eérú ni gbogbo wọn.

*

Ìyá Onígò jókòó ní àtìmọ́lé bí ẹni tó ń dúró de ọkọ̀ tí kò ní wá. Ọṣẹ ti bó àtẹ́lẹwọ́ rẹ̀ láti ọdún mẹ́rìnlá tó ti wà nídìí iṣẹ́ náà. Màmá kò bi í nípa òkú. Ó jókòó tì í, ó na ẹsẹ̀ tó ń dùn ún síwájú, ó ní kó sọ bí wọ́n ṣe ń fọ ìgò fún òun.

Ojú obìnrin náà là díẹ̀. Ẹ ò mọ̀ pé inú ènìyàn máa ń dùn tí wọ́n bá bi í léèrè iṣẹ́ ọwọ́ rẹ̀, kódà tí wọ́n bá fẹ́ gbé e lọ sẹ́wọ̀n? Ó ní ìgò ò le, omi ló le. Gbogbo omi iṣẹ́ wọn, èyí tí wọ́n ń po oúnjẹ ewé àti èyí tí wọ́n fi ń ṣàn án, inú kẹ́ẹ̀gì ńlá kan ló ń wà, òun sì ni òun ń pọn ọ́n kún. Ẹ̀rọ kan ló máa ń se omi, tó ń gba oru rẹ̀, tó ń sọ oru di omi padà, mímọ́ gaara. Ẹ̀rọ náà kú ní oṣù méjì sẹ́yìn.

"Ẹ sọ fún wọn?"

"Mo sọ fún Ọ̀jọ̀gbọ́n fúnra wọn. Wọ́n ń kọ̀wé, wọn ò gbójú sókè. Wọ́n ní kí n ṣe é bí mo bá ṣe lè ṣe é."

Ó sì ṣe é. Ó ń pọn omi kànga. Ó gbé sítóòfù wá láti ilé rẹ̀, ó ń se omi náà láràárọ̀ títí á fi hó, ó ń fi aṣọ funfun sẹ́ ẹ lẹ́ẹ̀mejì, ó ń jẹ́ kó tutù kó tó rọ ọ́ sínú kẹ́ẹ̀gì. Ó mọ̀ pé wọ́n ní ká má dáná. Ìdí nìyẹn tó fi ń ti ilẹ̀kùn àárín pa, tó ń ṣí fèrèsé.

"Omi tí mo sè yẹn, ẹ lè fún ọmọ ọjọ́ mẹ́jọ mu," ló wí, ó sì gbé àyà díẹ̀.

Òórùn tíì yẹn ṣì wà ní imú Màmá.

"Kí ló kù, Ìyá Onígò? Kí lẹ gbé lọ fún wọn níjẹta?"

Obìnrin náà wo àtẹ́lẹwọ́ rẹ̀. "Ó wà lójú fèrèsé mi, lẹ́yìn aṣọ. Mo rò pé inú wọn á dùn."

Níta, ọmọ rẹ̀ dìde tọ̀rá-tọ̀rá. Ó bi Màmá bóyá kí òun fún wọn ní aṣọ náà báyìí, tàbí kí òun gbé e tẹ̀ lé wọn dé kóòtù. Màmá wo aago. Ó kù díẹ̀ kí aago mọ́kànlá lù. Ó ní kó ṣì dì í mú.

*

Kọ́bọ́ọ̀dù onírin kan wà lábẹ́ tábìlì àwọn ìgò náà. Ẹnì kan ti fi irin já àgádágodo rẹ̀, ibi tó ti bó ṣì ń dán. Màmá ní kí Sájẹ́ǹtì ki kọ́kọ́rọ́ inú àpò òkú bọ àgádágodo tó já náà. Ó wọ̀ ọ́ wẹ́kú. Inú kọ́bọ́ọ̀dù ṣófo, ṣùgbọ́n eruku ilẹ̀ rẹ̀ ní àmì róbótó kan, bí ìgbà tí nǹkan wúwo ti dúró síbẹ̀ pẹ́. Wọ́n lu ihò kan sẹ́yìn rẹ̀. Rọ́bà kan gba ihò náà gòkè lọ sára páìpù tó ń gba afẹ́fẹ́ àwọn ìgò.

Sájẹ́ǹtì gbàgbé láti sín. Ó ní, "Màmá, wọ́n ń ra afẹ́fẹ́ fún ewé."

"Lọ wo ọkọ̀ Igbákejì fún mi."

Kò pẹ́ tó fi padà wá. Ó ní ẹ̀yìn ọkọ̀ náà jókòó sílẹ̀ bí adìyẹ tó sàba. Wọ́n ní kí Igbákejì wá ṣí i. Ó ṣí i. Sìlíńdà gáàsì pupa kan wà níbẹ̀, ó fi bùláńkẹ́ẹ̀tì wé e bí ọmọ tó ń sùn. Ọ̀dà rẹ̀ ti bó lẹ́gbẹ̀ẹ́ kan, àwọ̀ èjìká ẹ̀wù Igbákejì ni.

Sájẹ́ǹtì, ẹni tí kò tíì gba ìgbéga láti ọdún márùn-ún, fa ṣẹ́kẹ́ṣẹkẹ̀ yọ bí ẹni yọ idà. Ó ti ń sọ ọ́ fún ọkùnrin náà pé ohunkóhun tó bá sọ, wọ́n á kọ ọ́ sílẹ̀. Pé ó fi gáàsì irọ́ pa ọ̀gá rẹ̀ kó lè jókòó sórí àga rẹ̀. Igbákejì na ọwọ́ méjèèjì síwájú, kò jiyàn. Ohun tó ya Sájẹ́ǹtì lẹ́nu ni pé Màmá gba ṣẹ́kẹ́ṣẹkẹ̀ náà, ó sì ki í sínú báàgì ara rẹ̀.

"Ọkùnrin yìí kọ́ ló gbé sìlíńdà síbẹ̀," ló wí. "Tó bá jẹ́ òun ni, á ní kọ́kọ́rọ́. Ẹni tó ní kọ́kọ́rọ́ kì í já ilẹ̀kùn. Kọ́kọ́rọ́ wà lápò òkú, sípánà tí wọ́n fi ń ṣí sìlíńdà náà wà lápò òkú. Ọ̀gá yín ló ń ṣe é. Àbí bẹ́ẹ̀ kọ́?"

Igbákejì jókòó sórí ẹ̀yìn ọkọ̀, lẹ́gbẹ̀ẹ́ sìlíńdà. Ó ní òun kò mọ̀, àfi láàárọ̀ àná tí òun sáré wọlé bá òkú, tí òun rí rọ́bà tó ti já kúrò lẹ́nu páìpù. Òun tọ rọ́bà náà lọ. Òun já kọ́bọ́ọ̀dù. Òun gbé sìlíńdà sá kí ọlọ́pàá tó dé. Ogún ọdún tí ọkùnrin náà fi ṣiṣẹ́, ṣé kí wọ́n wá máa pè é ní onírọ́ níbi ìsìnkú rẹ̀? Ikú yá ju ẹ̀sín lọ, Màmá. Òkú lòun ń dáàbò bò.

"Ẹ fi ẹni tó wà láàyè bò ó mọ́lẹ̀," ni Màmá dá a lóhùn.

Omijé Igbákejì ń bọ́ sórí àwọn báírò rẹ̀.

Màmá wá là á fún Sájẹ́ǹtì. Háídírójìn fúyẹ́ ju afẹ́fẹ́ yòókù lọ, òkè ló máa ń sá lọ, kì í sì í rùn, ẹni tó wà nínú rẹ̀ kò lè mọ̀. Ọ̀jọ̀gbọ́n wọlé ní kùtù, ó ṣí sìlíńdà háídírójìn tó rà kó lè rí nǹkan fi han àwọn àlejò, rọ́bà já, afẹ́fẹ́ ń kún àjà. Nígbà tó lu aago méje, àpótí aago tó ń tan gílóòbù ta iná pàrà, bó ṣe máa ń ta láràárọ̀, afẹ́fẹ́ náà sì gbiná. Ibẹ̀ ni ògiri ti dúdú jù. Sítóòfù wà nílẹ̀, lẹ́yìn ilẹ̀kùn tó tì, tí gíláàsì rẹ̀ kò tilẹ̀ sán. Ìṣáná tó wà lápò obìnrin yẹn kò pa eṣinṣin kan.

"Ohun kan ni kò yé mi," ni Igbákejì wí láìgbójú sókè. "Ó ṣiṣẹ́ tẹ́lẹ̀. Mo fi ojú mi rí i lọ́dún tó kọjá. Oṣù méjì ni kò fi sí ìgò kan tó pọ́n. A yẹ iná wò. A pààrọ̀ iyọ̀ oúnjẹ rẹ̀. A ra ewé tuntun."

"Omi ńkọ́?"

"Omi kẹ̀? Wọ́n kọ ọ́ sára kẹ́ẹ̀gì, Màmá. OMI MÍMỌ́."

Màmá wọlé lọ, ó gbé ife tíì tó ti tutù jáde, ó nà án sí i. Ó ní kó má mu ún, kó kàn gbóòórùn rẹ̀, kó wá sọ ohun tó ń rùn báyẹn fún òun, ṣebí ó kàwé. Igbákejì gbé e sí imú. Ojú rẹ̀ wá dà bí ojú ọkùnrin tó gbọ́ ikú bàbá rẹ̀ lẹ́ẹ̀mejì nínú ọjọ́ méjì.

"Imí-ọjọ́," ló wí.

Gbogbo ọjọ́ tí wọ́n fi rò pé àwọn ń fi ebi pa ewé, inú omi tí wọ́n fi ń ṣàn án ló ti ń jẹun.

*

Lẹ́yìn aṣọ fèrèsé yàrá ìfọgò, ìgò ọtí ẹlẹ́rìndòdò kan dá dúró sínú ìmọ́lẹ̀. Ìyá Onígò ti gé ìka kan kúrò lára ìbọ̀wọ́ rọ́bà, ó so ó mọ́ ẹnu ìgò náà pinpin. Ìgò náà pọ́n bí ìyeyè. Ìka rọ́bà náà dúró ṣánṣán, bí ọmọ iléèwé tó mọ ìdáhùn tí tíṣà kò sì wo ọ̀dọ̀ rẹ̀.

Abọ́ ńlá kan wà lábẹ́ òrùlé níta, omi òjò kún inú rẹ̀. Kò sí ẹni tó nílò kí wọ́n tún ṣàlàyé. Obìnrin náà ti bu ewé tó ṣẹ́kù, ó jẹ́ kó silẹ̀, ó fi omi òjò ṣàn án lẹ́ẹ̀mẹta bó ṣe ń rí wọn ṣe é, nítorí inú ọ̀gá rẹ̀ kò dùn láti oṣù méjì, ó sì rò pé ewé náà lè nífẹ̀ẹ́ sí omi mìíràn.

Sájẹ́ǹtì ní tó bá jẹ́ afẹ́fẹ́ lásán ńkọ́. Ìbéèrè gidi ni. Màmá na ọwọ́ sí i, ó ní kó gbé ìṣáná wá. Sájẹ́ǹtì dì í mọ́yà. Ó ní ẹ̀rí ni, wọ́n ti kọ nọ́ńbà sí i.

"Gbé e wá kó wá jẹ́rìí."

Wọ́n jáde sí ẹ̀yìnkùlé, lábẹ́ ọ̀wààrà òjò tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń bẹ̀rẹ̀. Igbákejì fún ọrùn ìka rọ́bà náà pọ̀, ó yọ ọ́ lẹ́nu ìgò, ó na ọwọ́ jìnnà sí ara. Màmá ṣá ìṣáná kan. Òjò pa á. Ó ṣá èkejì, ó fi ara bò ó, ó na iná sẹ́nu rọ́bà bí ọ̀rọ̀ àṣírí.

Pọ̀.

Kò ju bí ẹni pa ètè pọ̀ tó sì là á lójijì lọ. Iná náà kò tilẹ̀ ní àwọ̀. Ṣùgbọ́n Igbákejì kúnlẹ̀ sínú ẹrẹ̀ pẹ̀lú ṣòkòtò rẹ̀ tó lọ̀ gún, ó ń sọ ọ́ léraléra pé òótọ́ ni, iṣẹ́ ọ̀gá òun, òótọ́ ni. Ọ̀jọ̀gbọ́n ti kú sídìí irọ́ tí kò nílò láti pa. Wọ́n ti gbé òótọ́ rẹ̀ wá bá a nínú ìgò ọtí ẹlẹ́rìndòdò, ní ìrọ̀lẹ́ ijẹta, ó sì ní kí wọ́n gbé e kúrò níwájú òun.

*

Ó ku ìṣẹ́jú mẹ́sàn-án kí aago méjìlá lù nígbà tí Ọ̀gá tẹ́ṣàn fa ìwé ẹ̀sùn ya, pẹ̀lú ojú ẹni tí wọ́n gba ẹran lẹ́nu rẹ̀. Ọmọ obìnrin náà já ọ̀rá aṣọ sílẹ̀, ó di ìyá rẹ̀ mú. Ìyá Onígò ní kí àwọn kọ́kọ́ gba ibi iṣẹ́ kọjá, pé òun kò ti fèrèsé.

Igbákejì dọ̀bálẹ̀ fún un ní ọ̀dẹ̀dẹ̀, gbọọrọ, báírò rẹ̀ fọ́n ká. Obìnrin náà yà fún un bí ènìyàn ṣe ń yà fún omi tó dà sílẹ̀, ó wọ yàrá rẹ̀. Ó wo ojú fèrèsé tó ṣófo. Ó wo kẹ́ẹ̀gì ńlá náà. Kò kàwé, ṣùgbọ́n orí rẹ̀ pé. Sájẹ́ǹtì ti ròyìn ìgò omi òjò àti tíì omi kànga fún un lọ́nà, ọ̀nà láti tẹ́ṣàn dé ibẹ̀ sì ti tó o láti ro ọ̀rọ̀ náà dé ìdí.

"Ṣé omi mi ló pa wọ́n?"

Sájẹ́ǹtì gbójú sókè, ó ń wo àjà bí ẹni tí àjà jẹ ní gbèsè. Màmá lè purọ́. Ó ti purọ́ fún àwọn tó sàn ju èyí lọ.

"Omi yín ló ba ìgò jẹ́," ló wí. "Iná ló pa wọ́n. Nígbà tí ẹ wá sọ fún wọn, wọn ò gbójú sókè."

Ìyá Onígò mi orí díẹ̀díẹ̀. Ó wá kọjú sí Màmá, ó sì bi í ní ohun tí ẹnikẹ́ni kò tíì bi í rí láti ọdún mọ́kànlélọ́gbọ̀n.

"Kí ló wá kù báyìí?"

Màmá wo kẹ́ẹ̀gì náà.

Àwọn àgbà máa ń ní omi ló dànù, agbè ò fọ́. Ní ilé yìí, agbè ló fọ́, omi ló ṣẹ́kù, kẹ́ẹ̀gì kún dé ọrùn. Obìnrin náà ká apá aṣọ sókè, ó gbá ìdí kẹ́ẹ̀gì mú, kò sì lè dá a gbé. Màmá tẹ orúnkún tó ń dùn ún balẹ̀, ó bá a di abẹ́ rẹ̀ mú, ọmọ rẹ̀ di ọrùn. Wọ́n dà á nù sẹ́nu ọ̀nà gọ́tà. Ó pẹ́ kó tó tán, òórùn rẹ̀ sì gba gbogbo yàrá. Nígbà tó gbẹ, Ìyá Onígò jókòó sílẹ̀, ó gbé kẹ́ẹ̀gì náà sáàárín ẹsẹ̀ rẹ̀. Ó fi èékánná há ìwé tó wà lára rẹ̀, lẹ́tà kan tẹ̀ lé òmíràn láti ẹ̀yìn wá, títí ó fi ku OMI nìkan.